Gbogbo Ojú Ìwé Ló Gbọ́dọ̀ Mọ Orúkọ Ara Rẹ̀

Múínátù Àṣàbí. Àṣàbí ọmọ Ṣàdíátù ẹlẹ́ja, ọmọ afẹ̀yìn-ti-ọ̀sà, ọmọ a-jí-bá-ẹja-nínú-àwọ̀n. Àṣàbí ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí omi kì í bà lẹ́rù. Adúmáadán, obìnrin tó sọ kiní tí kò ju èékánná lọ di ilé ìkẹ́rùsí. Ọ̀gá mi ni. Mo fi ọdún mọ́kànlélógún jù ú lọ, ọ̀gá mi sì ni.

Orúkọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ pè, nítorí pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara mi, ìtàn yìí kò ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èmi ni Aríyìíbí, Bàbá Fúnmi, tó ń tún rédíò ṣe ní Ìkòròdú nígbà kan rí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Wọ́n ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ ayé mi fún ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́. Ó dáa, ẹ fìdí lélẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe gbẹ̀yìn dùn débi pé títí di òní, mo máa ń dá rẹ́rìn-ín níbi tí mo bá jókòó sí.

Kí ni iṣẹ́ ọ̀hún? Ẹ wo ẹ̀rọ kékeré tó wà lára fíríìjì, lára mítà iná, nínú aago ara ògiri mọ́ṣáláṣí. Gbogbo wọn ló ní nǹkan tí wọ́n ń rántí. Ta ló ń bá wọn to ìrántí náà? Ta ló sọ pé èyí ni kó wà níwájú, tọ̀hún ni kó wà lẹ́yìn, kí ẹ̀rọ lè rí i mú jáde nígbà tí wọ́n bá bèèrè? Àwa ni! Kọ̀ǹpútà ńlá ti ní àwọn òyìnbó tó bá a tò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré tí ń gbé inú ooru lọ́nà Agbowa, tí iná ń lọ tó ń bọ̀ lórí rẹ̀ nígbà mẹ́wàá lójúmọ́, àwa la tò ó fún un.

Ọ̀gá mi àkọ́kọ́ ni Ọ̀gá Ṣíyanbọ́lá, ará Ìkìrun, tó yá ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí èbúté. Iye tí bàbá mi san àti ọdún tí mo lò kò ṣe pàtàkì. Tábìlì ló ṣe pàtàkì. Ọ̀gá Ṣíyanbọ́lá kì í fẹ́ rí pàǹtí lórí tábìlì. Bí o bá fẹ́ gbé rédíò tuntun lé e, àfi kí o kọ́kọ́ kó gbogbo ti àná kúrò, kí o nù ún, kí ó mọ́ bí àwo ọjọ́ ọdún. Bí ó bá rí ìdè irin kan ṣoṣo tó kù síbẹ̀, á fi eegun ìka gbá mi lórí, kó!

"Aríyìíbí, kí ni mo sọ?"

"Ẹ ní kí n palẹ̀ ti àná mọ́ kí n tó gbé tòní, sà."

"Tún un sọ, kí ìpàkọ́ ẹ náà lè gbọ́."

Ó gbọ́. Ìpàkọ́ gbọ́, ọwọ́ gbọ́, eegun gbọ́. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tí Ọ̀gá Ṣíyanbọ́lá ti padà sí Ìkìrun, n kò lè jẹ ẹ̀bà láìkọ́kọ́ nu ojú tábìlì. Ẹ di èyí mú o, torí pé ẹ̀kọ́ rere yìí ló padà fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ obìnrin kan.

Nígbà tí fóònù alágbèéká gbòde, tí rédíò tuntun sì rọrùn láti rà ju kí èèyàn tún ògbólógbòó ṣe lọ, ṣọ́ọ̀bù mi dá páropáro. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́bìnrin kan tó fi ìborùn borí wọlé, ó gbé pátákó ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan kalẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Wọ́n ní ọwọ́ yín kì í gbọ̀n."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo Ìkòròdú."

"Irọ́ ni. Ìyàwó mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo yọ́ lẹ́ẹ̀dì, mo fi lẹ ẹsẹ̀ mẹ́jọ tín-tìn-tín tí kiní dúdú kan ní mọ́ orí pátákó náà. Mo bá bi í pé kí ni kiní dúdú ọ̀hún ń ṣe.

"Mẹ́mọ̀rì ni, sà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kó ìrántí rẹ̀ sí."

"Tó bá kó o síbẹ̀ tán, báwo ló ṣe ń mọ ibi tó kó o sí?"

"Bàbá, ìbéèrè tí ẹ bi mí yẹn gan-an ni iṣẹ́ mi."

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ Múínátù nìyẹn. Ó ti ka ìwé ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó wá ń ṣe àwọn àpótí kékeré tí ń ṣọ́ nǹkan. Wàhálà tí a kọ́kọ́ ní kì í ṣe ti iṣẹ́, ti ìkíni ni. Láràárọ̀, èmi ń retí kí ọmọ kékeré kúnlẹ̀ kí mi, òun ń retí kí ọmọ iṣẹ́ kí ọ̀gá. A ó wá dúró, a ó máa wo ara wa bí àkùkọ méjì. Lọ́jọ́ kẹta ó ní:

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ìloro ṣe ààlà. Níta, ọmọ yín ni mí, màá kúnlẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá ni mí. Tí mo bá ní kí ẹ tún iṣẹ́ ṣe, ẹ má sọ fún mi pé ẹ ti láyé kí wọ́n tó bí mi."

"Mo gbà, Ọ̀gá."

Láti ọjọ́ náà, á kúnlẹ̀ níwájú ìta, "Ẹ káàárọ̀ sà," èmi á ní, "Káàárọ̀, Àṣàbí ọmọ mi, ṣé o sùn dáadáa?" A ó jọ ré ìloro kọjá. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì tó wọlé, ohùn rẹ̀ á ti yí padà: "Iṣẹ́ àná dà?" "Ó wà níbí, Ọ̀gá, ẹ wò ó." Àwọn aládùúgbò máa ń jáde wá wòran wa. Àìfàgbà fẹ́nìkan ni kò jẹ́ kí ayé gún, ṣùgbọ́n àwa fi àgbà fún ara wa, ó sì gún.

Kò fi kọ̀ǹpútà kọ́ mi. Kíréètì ẹyin méjìlá ló rà wá, ó tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó da èkùrọ́ sí mi lọ́wọ́.

"Inú mẹ́mọ̀rì nìyí, Bàbá. Ihò kọ̀ọ̀kan, ojú ìwé kan. Ẹ lè fi èkùrọ́ sínú ihò kan ṣoṣo nígbà tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè yọ ẹyọ kan jáde. Tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, àfi kí ẹ da gbogbo kíréètì sílẹ̀."

"Ta ló ṣe irú òfin burúkú yìí?"

"Àwọn tó ṣe mẹ́mọ̀rì. Ó tún kù o. Tí ẹ bá ń da kíréètì kan ṣoṣo ní àdàtúndà, á já. Ẹ gbọ́dọ̀ máa yí wọn ká."

"Bí oko," ni mo wí. "A kì í gbin ẹ̀gẹ́ sójú kan náà lọ́dọọdún."

Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ ti ń mọ̀ ọ́n!"

Ẹ̀yin ọmọ, inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn bí ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn èèyàn nínú rédíò tí mo fọwọ́ ara mi tò! Mo ra kíréètì tèmi lọ sílé. Ìyàwó mi bá mi lórí ìkúnlẹ̀, èkùrọ́ nílẹ̀ káàkiri. "Bàbá Fúnmi, ayò lẹ wá ń bá ara yín ta báyìí?" Mo ní kó jókòó kí n ṣàlàyé. Ó ní òun ti gbé ọbẹ̀ kaná.

Bí Ọ̀gá Múínátù ṣe ń le rèé. Bí mo bá ń gbé èkùrọ́ láti kíréètì kan sí òmíràn, á kàn di ọwọ́ mi mú lójijì. "Iná lọ! Ẹ má mira. Kí ló kù nílẹ̀? Ṣé ẹ mọ ibi tí nǹkan wà?" Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, a ó kó gbogbo rẹ̀ kúrò, a ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbésẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè kan náà: bí wọ́n bá mú iná lọ níbí ńkọ́? Mo ń yà á sórí ìwé, òun ń sọ ọ́ di èdè kọ̀ǹpútà. Nígbà tó yá, èmi náà ń sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ahọ́n mi wúwo.

Lẹ́yìn ìyẹn ló gbé tẹ̀sùbáà fún mi, onílẹ̀kẹ̀ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Kí n tan àpótí, kí n jẹ́ kó máa kọ̀wé, kí n fa wáyà yọ láìròtẹ́lẹ̀, kí n dá iná padà, kí n wò ó bóyá ìrántí rẹ̀ pé. Bó bá pé, kí n sún ìlẹ̀kẹ̀ kan. Tẹ̀sùbáà mẹ́wàá lójúmọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, mo fa aṣọ ìnujú yọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tẹ̀sùbáà bá a jáde, ó balẹ̀ wàrà láàárín àga. Alàgbà Adéọtí yí ojú padà.

"Bàbá Fúnmi! Ìgbà wo lẹ wọ Ìsìláàmù?"

"Iṣẹ́ ni mo fi ń ṣe, Alàgbà. Mo fi ń ka iye ìgbà tí mo bá mú iná lọ."

"Háà! Àṣé ẹ̀yin ni!"

Títí ìsìn fi parí, èjìká rẹ̀ ò yé gbọ̀n.

Ohun kan wà tí a jà lé lórí. Mo ti ṣe ìwé atọ́ka kan sínú kíréètì àkọ́kọ́, òun ló ń sọ ibi tí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan wà. Ọ̀gá ní kò tó. Ó ní kí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí, kí ó ní ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, kí ó sì ní nọ́ńbà èyí tó ṣáájú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ìfiṣòfò ni! Ìwé atọ́ka ti mọ gbogbo wọn."

"Bàbá, tí ọmọ bá sọnù lọ́jà ẹja ní Ẹ̀pẹ́, tó mọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀, ṣé kò ní délé?"

"Á délé."

"Èyí tó jẹ́ pé ìyá rẹ̀ nìkan ló dá a mọ̀, tí ìyá wá dákú ńkọ́?"

Mo fa ìwé mi mọ́ra.

"Gbogbo ojú ìwé ló gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí i."

Mo kọ ọ́ sí i. Mo ń kùn bí àtùpà onígáàsì, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sí i.

Àpótí tí inú mi dùn sí jù lọ ni èyí tí a ṣe fún fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́, ní ilé ìwòsàn kékeré kan tó kọjá Agbowa. Wákàtí kọ̀ọ̀kan, á kọ bí fíríìjì ṣe tutù tó. Ojú ìwé kan fún ọjọ́ kan. Bí iná bá lọ, bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò gbé e dúró. Nọ́ọ̀sì Títílọlá ló ń ṣọ́ ibẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ tó ti lo ọdún mọ́kànlá lẹ́nu iṣẹ́, tó ń kọ gbogbo nǹkan sínú ìwé pélébé kan nínú àpò aṣọ rẹ̀. Ọjọ́ tí a gbé àpótí náà kọ́ sára ògiri, mo lu àyà. "Nọ́ọ̀sì, àpótí yìí kì í gbàgbé!"

Ẹnu mi náà ni.

Òjò ọdún náà ti fẹ́ dáwọ́ dúró nígbà tí Nọ́ọ̀sì wọ ṣọ́ọ̀bù wa pẹ̀lú àpótí náà tó fi aṣọ ìnura wé bí ọmọ. Kò pariwo. Ó gbé e sórí tábìlì.

"Bàbá, ṣé ẹ ní kiní yìí kì í gbàgbé?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ wá láti lo abẹ́rẹ́. Páálí rẹ̀ ṣì wà ní dídì bí wọ́n ṣe gbé e wá, wọ́n sì ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má tú u títí ọjọ́ tí wọ́n máa lò ó. Wọ́n tú u. Àmì kékeré kan wà lára ìgò abẹ́rẹ́ tó máa ń yí àwọ̀ bí ooru bá ti bà á jẹ́. Gbogbo àmì náà ti dúdú. Wọ́n ní Nọ́ọ̀sì ló jẹ́ kí fíríìjì gbóná. Ó ní rárá, ẹ bi àpótí. Wọ́n bi àpótí. Àpótí ní òun ò mọ nǹkan kan. Ó ṣófo! Wọ́n wá fún un di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó máa lọ sílé.

Ọ̀gá Múínátù ṣí ẹ̀yìn àpótí. Bátìrì méjèèjì ò sí níbẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, bátìrì dà?"

Nọ́ọ̀sì pa ojú dé. "Rásákì. Ọlọ́dẹ wa. Bọ́ọ̀lù ló ń gbọ́ lórí rédíò. Ó ní òun kàn yá a ni."

Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo tún rédíò yẹn ṣe fún Rásákì lọ́jọ́ tí a lọ kọ́ àpótí!

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà kì í ṣe ti Rásákì. A ti fa wáyà yọ lẹ́gbẹ̀rún lọ́nà láìlo bátìrì, kò sọnù. Kí ló wá dé? Mo gbé kíréètì ẹyin mi sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ibi tí kíréètì ìwé atọ́ka ti kún, ọwọ́ mi da kíréètì náà sílẹ̀ kí n tó kọ ìwé atọ́ka tuntun sínú rẹ̀. Ọ̀gá di ọwọ́ mi mú. Kò sọ pé iná lọ.

Tábìlì Ọ̀gá Ṣíyanbọ́lá! Palẹ̀ ti àná mọ́ kí o tó gbé tòní. Mo ti ń ṣe é láti ọmọdé débi pé n kò mọ̀ pé ìgbésẹ̀ ni, n kò sì bi í léèrè ohun tí mo bi gbogbo ìgbésẹ̀ yòókù. Kíréètì náà kì í kún ju ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Kò kún rí ní gbogbo ìgbà tí mo ń fa tẹ̀sùbáà. Ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo ni àpótí fi wà láìní ìwé atọ́ka, ìṣẹ́jú àáyá náà ni iná lọ.

"Ọ̀gá, èmi ni mo jẹ̀bi."

"Ta ló ka iye tẹ̀sùbáà fún yín? Àwa méjèèjì la jẹ̀bi. Ẹ dìde. Ìyá ti dákú. Ẹ jẹ́ ká lọ bi àwọn ọmọ."

Ẹ̀yin ọmọ! Ìwé atọ́ka nìkan ló parẹ́! Ojú ìwé tí wọ́n kọ ṣì wà nínú mẹ́mọ̀rì, wọ́n kàn fọ́n ká ni, kò sẹ́ni tó mọ ta ni ṣe ta ni. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ara wọn. A kó gbogbo rẹ̀ jáde, a tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, a tẹ́ bébà láti ògiri dé ògiri, títí jáde sí ìta, èkùrọ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn má baà gbé e. Mo ń rákò láàárín wọn. "Ìwọ, kí lorúkọ ẹ? Ogójì. Ta ló ṣáájú ẹ? Mọ́kàndínlógójì. Óyá, bọ́ síbí!" Nọ́ọ̀sì tó wá pẹ̀lú omijé bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa pè wọ́n. "Bàbá, ẹ wo ọgọ́rin tó sá pamọ́ sábẹ́ àga!" A gbàgbé oúnjẹ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, gbogbo wọn pé, ó ku ẹyọ kan. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Ọ̀gá wo ọjọ́ rẹ̀, Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé pélébé rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ dé gan-an ni.

Mo sọ ọ̀rọ̀ tí ojú ń tì mí fún títí dòní. Mo ní, "Ọ̀gá, kẹrìndínlọ́gọ́rùn-ún tutù dáadáa. Kejìdínlọ́gọ́rùn-ún tutù dáadáa. Ta ni kò mọ ohun tó máa wà láàárín? Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sí i."

Ọ̀gá Múínátù nà ró. N kò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí.

"Bàbá Fúnmi. Ṣé ẹlẹ́rìí la kọ́ ni, àbí òpùrọ́?"

"Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì ni mo rò..."

"Tí ó bá jẹ́ pé Nọ́ọ̀sì ló jẹ̀bi, ohun tí a bá rí náà la ó sọ. Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Nọ́ọ̀sì ní, "N ò bínú. Ẹ wá a. Mo mọ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà."

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, bí mo ṣe ń mu ẹ̀kọ, ara mi ta gìrì. Kíréètì ìpamọ́! Ọ̀gá ti ní kí a yọ kíréètì méjì sẹ́yìn, pé bí ihò kan bá bàjẹ́, kí àpótí gbé ojú ìwé rẹ̀ lọ síbẹ̀. A kò ka ibẹ̀! Mo gbé ẹ̀kọ sílẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ṣọ́ọ̀bù. Múínátù ń kúnlẹ̀ kí mi níta, mo ní, "Dìde, dìde, ìkíni dọ̀la!" A ṣí i. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó jókòó bí ọmọ tó ń dúró de ìyá rẹ̀. Orúkọ: mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Ẹni tó ṣáájú: mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún.

Mo kà á. Kò tutù. Láti àárọ̀, fíríìjì wà ní ìwọ̀n mẹ́rin bó ṣe yẹ. Ní aago méjìlá ọ̀sán, ó fò lọ sí mẹ́tàlá. Mo wo Ọ̀gá. Ọ̀gá ti ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ka ìyókù, Bàbá." Aago kan, méjìlá. Aago méjì, mọ́kànlá. Aago mẹ́ta, mẹ́wàá. Díẹ̀díẹ̀ báyìí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ọ̀gá Nọ́ọ̀sì, àgbà mẹ́ta, jókòó. Ọ̀gá tì mí síwájú.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìwé mélòó lẹ kà, Bàbá?"

"Mẹ́fà, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú ìwé náà, ó ní, "Àpótí yín tiẹ̀ ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ ni."

Ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹga ló ń ní ẹga ń pàtótó. Mo kọjú sí obìnrin tó wà láàárín wọn. "Ìyá wa, ẹ ti gbé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná sínú fíríìjì rí?"

"Ọmọ mi ṣe é. Títí di alẹ́, omi inú rẹ̀ ò tutù."

"Tí ẹ bá kàn gbàgbé ilẹ̀kùn, tí ẹ sì padà tì í ńkọ́?"

"Kì í pẹ́ tútù." Ó gba bébà náà lọ́wọ́ ẹnì kejì rẹ̀, ó tún un kà. "Nọ́ọ̀sì, aago mélòó ni wọ́n gbé abẹ́rẹ́ dé?"

Nọ́ọ̀sì Títílọlá ṣí ìwé pélébé rẹ̀ sójú ewé náà. Aago méjìlá ọ̀sán.

Abẹ́rẹ́ náà ti gbóná kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà gan-an ló mú kí fíríìjì gbóná. Wọ́n dá Nọ́ọ̀sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí mo bá ti fi irọ́ dí àlàfo yẹn, tútù ni ǹ bá kọ síbẹ̀, ǹ bá sì fi ọwọ́ ara mi pa ẹ̀rí kan ṣoṣo tó gbà á là. Mo sọ fún Ọ̀gá bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀, bí a ṣe ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Ó ní, "Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ jẹ mọ́ínmọ́ín yín."

Ní ọjọ́ kejì ó mú mi lọ sí Èbúté Ìkòròdú. Ó ní kí n jókòó, kí n máa wo ọwọ́ Sùúrù tó ń wa ọkọ̀ ojú omi, kí n má bi í ní nǹkan kan. Nígbà tó pẹ́, Sùúrù ní, "Bàbá, ṣé owó orí lẹ wá gbà ni?" Mo mi orí. Ó fẹ́ sún ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lára òpó kan lọ sí òpó kejì. Ó ju okùn tuntun sí òpó kejì, ó so ó, ó fà á wò. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó tú ti àkọ́kọ́.

Mo bú sẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó ń kó yanrìn yíjú wò mí. Kíréètì méjì fún ìwé atọ́ka! Kọ tuntun sínú èkejì, wò ó bóyá ó pé, kí o tó da ti àtijọ́ sílẹ̀. Omi ò bìkítà fún tábìlì tó mọ́. Bí a ṣe ń ṣe gbogbo àpótí wa láti ìgbà náà nìyẹn. Ìwé atọ́ka kankan kò tún sọnù mọ́ wa lọ́wọ́.

Irinṣẹ́ ń yí padà o. Irin tí mo fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì nígbà èwe mi, inú èédú ni a ti ń ti í bọ̀. Mo dé orí èyí tí ń lo iná, mo dé orí èyí tí ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná. Mẹ́mọ̀rì tí a fi awò tí ń sọ nǹkan di ńlá wò dé orí káàdì tí ó gba ẹgbẹ̀rún àpótí wa pọ̀ tí kò sì kún. Àwọn ọmọ tuntun ní kí la tún ń tò ó fún, nígbà tí àyè pọ̀ báyìí? Mo ní ẹ fa wáyà yọ ná, ká rí i. Ojú mi ló dá mi dúró nígbẹ̀yìn. Nígbà tí n kò rí ẹsẹ̀ mẹ́jọ yẹn mọ́, tí mo ń rí mẹ́rìndínlógún, mo dá irinṣẹ́ Ọ̀gá padà. Kò gba tẹ̀sùbáà. Ó ní kí n máa lò ó lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ yìí, ẹ wá a lọ. Ẹ má wo ọjọ́ orí ẹni tí yóò kọ́ yín. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì ló mú Ọ̀gá mi lọ. Wọ́n pè mí ní àárọ̀, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Àlàájì Múfútáù, pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, ó di ọwọ́ mi mú.

"Bàbá Fúnmi, ẹ jókòó tì wá. Àgbà kì í tẹ̀lé òkú ọmọdé dé kòtò. Ìyá rẹ̀ pàápàá ò ní lọ."

Mo mọ àṣà. Èmi náà ti fi dá ẹlòmíràn dúró rí. Mo wo ìloro ilé náà. Níta, ọmọ mi ni, á kúnlẹ̀ kí mi. Nínú, ọ̀gá mi ni.

"Àlàájì, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni mí. Ṣé ọmọ iṣẹ́ kì í sin ọ̀gá rẹ̀?"

Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó yà fún mi.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni a sin Múínátù Àṣàbí ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Mo bu yẹ̀pẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mẹta.